Kí A Tó Kí Ẹni Tó Wọ̀ Ọ́

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni: ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí lẹ́nu bàbá mi, tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí í sùn lórí ẹní, ogún ẹrú náà kọ́ ni mo ronú kàn, n kò sì káàánú olówó tó kú. Aṣọ ẹyọ kan yẹn ni ọkàn mi lọ bá, tí mo ń bi ara mi léèrè pé irú aṣọ wo ni, ṣé ẹtù ni tàbí kíjìpá, ta ni ó hun ún, ta ni ó sì jogún rẹ̀. Bí àwọn kan ti ń kó ilẹ̀ jọ, tí àwọn mìíràn ń kó ìyàwó jọ, èmi di ẹni tí í kó aṣọ jọ. Owó oṣù tíṣà tí mo gbà fún ọdún 35, bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ó wọlé sí, ẹ ṣí àpótí mẹ́ta tó wà ní ìyẹ̀wù mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìgbéraga ni mo fẹ́ gbé lárugẹ. Àwọn àgbà wí pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì wí pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ẹni tó bá ń yára ka òwe a sì máa rò pé òwe kejì wá gbá èkínní létí ni. Lójú tèmi, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rè. Èkínní ń sọ nípa ojú, tí í ríran kí etí tó gbọ́ràn; èkejì ń sọ nípa owó, tí ó lè ra aṣọ ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n yàn. Àárín àwọn méjèèjì ni oge jókòó sí. Fáàrí ni kí ènìyàn ra ohun tí gbogbo ọjà mọ iye rẹ̀, kí ó gbé e wọ̀ kí wọ́n lè ka owó náà lára rẹ̀. Oge ni kí aṣọ ti máa gba àṣẹ lẹ́nu ẹni láti ìgbà tí ó ti wà ní òwú. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ tọ ipasẹ̀ agbádá ẹtù mi kan, láti ìdí òfì títí dé èjìká, nítorí pé ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi, àti ibi tí mo ti jẹ́ olóríkunkun àti ibi tí mo ti jẹ́ ojo, gbogbo rẹ̀ ló wà lára aṣọ náà.

Aṣọ òkè mẹ́ta ni àwọn baba wa fi ṣe àgbà lórí àwọn yòókù. Sányán ni wọ́n ń pè ní baba aṣọ. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí yanrìn etí odò, inú igbó sì ni òwú rẹ̀ ti ń wá, láti ara kòkòrò kan tí í jẹ ewé igi, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì para pọ̀ hun àpò kan tí gbogbo wọn yóò sùn sí. Àwọn obìnrin ni í se àpò yìí nínú omi eérú títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n tó ran án bí a ti ń ran òwú. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé aṣọ tí ọkùnrin ń gbé wọ̀ kí ó lè dá yàtọ̀ láàrin àwùjọ, ilé àjùmọ̀gbé àwọn kòkòrò ni ó ti wá. Àlàárì ni èkejì, pupa tó jinlẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, ilẹ̀ Yúróòpù ni sẹ́dà rẹ̀ ti ń wá sí Tripoli, tí ràkúnmí yóò gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Kánò, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa; ẹni tó bá sọ fún yín pé àná ni Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ohun òkèèrè ṣoge, ẹ bi í léèrè àlàárì.

Ẹ̀kẹta ni ẹtù, tí ó gba orúkọ lọ́wọ́ ẹyẹ: aró tí a rì í títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ ju ara aṣọ lọ díẹ̀, bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù lábẹ́ igi. Ewé èlú ni a ń gún fún un, tí a ń ṣù, tí a ń sá; omi eérú tí a sẹ́ láti inú ìkòkò tí a lu nídìí ni a ń rẹ ẹ́ sí, tí a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Mo ti dúró ti ìkòkò aró rí. Bí aláró bá fa òwú náà yọ, àwọ̀ ewé ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ó ń di aró lójú yín, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí etí rẹ̀.

Sányán a máa wí pé olúwa rẹ̀ ti dé. Àlàárì a máa wí pé ẹ wò ó. Ẹtù kì í wí nǹkan kan títí tí ẹ ó fi súnmọ́ ọn. Láti òkèèrè, dúdú lásán ni, ìgbà tí ẹ bá wá kí i ní ìkínni ọwọ́-sí-ọwọ́ ni ìlà rẹ̀ yóò yọ sí yín. Irú ọkùnrin tí mo fẹ́ jẹ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ní làákàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi sọ pé ariwo mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ìṣẹ́yìn ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ní ìlú yẹn, ènìyàn kì í béèrè ọ̀nà ilé ahunṣọ; etí ẹni ni í mú ni dé ibẹ̀. Mo bá bàbá kan tó jókòó sídìí òfì rẹ̀ lábẹ́ páànù, òwú sì nà gbọọrọ níwájú rẹ̀ gba àgbàlá kọjá, ní ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ẹrù kan wà tí a gbé òkúta lé, tí ó ń fà á le. Ẹsẹ̀ bàbá náà méjèèjì wà lórí ìtẹsẹ̀. Bí ó bá tẹ ọ̀tún, apá kan òwú yóò gòkè, apá kan yóò wálẹ̀, ẹnu yóò là láàrin wọn, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, ó ti ju ọkọ̀ gba ẹnu náà kọjá, ó ti gbá òwú mọ́ra, ó ti tẹ òsì. Bí aṣọ ti ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ajá tí olówó rẹ̀ ń pè tí kò fẹ́ jẹ́ ìpè. Ohun tí ó sì ń jáde sórí itan rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí kò fẹ̀ ju íńṣì 4 lọ.

"Ẹ̀yin Tíṣà," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí n ju òwú dídán díẹ̀ sí i. Òun ni àwọn ará Èkó ń béèrè."

"Ẹ má bínú, Bàbá. N kò fẹ́ kí ó dán."

Ó dá ẹsẹ̀ dúró, ó wò mí. "Kí ni ẹ wá fẹ́ kí ó ṣe?"

Ìbéèrè ńlá ni. Bí mo bá ti lọ sí ọjà lọ ra èyí tó wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí ìbá bi mí bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kí ìlà ara ẹtù náà jìnnà síra ju bí ó ti máa ń ṣe é lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tó ń wò ó yóò rò pé ìlà ti tán kí òmíràn tó yọ. Kò dáhùn. Ó mú òwú, ó ń kà á sórí ìka rẹ̀, dúdú, dúdú, dúdú, ó tú u, ó tún un kà, ó sì hun èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fún mi láti wò. Ó ti pọ̀ jù. A dín in kù. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó fẹnu kò. Nígbà tí a ń jẹ ẹ̀bà tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá, mo bi í ní ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà èwe, pé aṣọ wo ni ológún ẹrú ní kí ó tó kú. Kò tilẹ̀ ronú sí i. "Kíjìpá ni," ni ó wí, "bóyá wọ́n tilẹ̀ yá a lò ni."

Láti ọwọ́ ahunṣọ, aṣọ di ti aránṣọ, tí yóò gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí, tí yóò sì máa so wọ́n mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Mo ka ọ̀já tó wà láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún agbádá mi, 27 ni. Iṣẹ́ aránṣọ tó mọṣẹ́ ni kí ìlà ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti èkejì rẹ̀ dọ́gba. Iṣẹ́ tó sì ju ìyẹn lọ ni kí ó mọ ibi tí kò yẹ kí ó dọ́gba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn àti àpò àyà. Ọnà yìí ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa, tí a jọ ń wọ irú ẹ̀wù ńlá bẹ́ẹ̀, ọ̀kan tó lókìkí ń jẹ́ ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ tó rí bí ojú ọ̀bẹ. Mo ní kí ẹni tí mo gbé tèmi fún lo òwú aró lórí aṣọ aró, kí ó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò máa fi ọnà náà hàn. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tí mo padà lọ, wúrà ni mo bá, wúrà tó ń kọ mọ̀nà bí ilé ọba tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó sì ń dúró kí n dúpẹ́. Ojo tí mo wí lẹ́ẹ̀kan nìyí: mo dúpẹ́, mo sanwó, mo gbé e délé, mo sì fi abẹ ìfárí tú òwú wúrà náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú abẹ́rẹ́ kò parẹ́. Títí di òní, ihò wínníwínní wọ̀nyẹn ni ó ya ọnà sí ọrùn agbádá mi, ní ọdún tó kọjá sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀ mí níbi ìgbéyàwó pé kí n jọ̀wọ́ júwe ẹni tó ń ṣe ọnà oníhò fún òun.

Agbádá kì í ṣe ohun tí a ń bọ̀ sọ́rùn tí a ń gbàgbé. Apá rẹ̀ fẹ̀ kọjá ọwọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò. Nítorí náà ni a ṣe ń ká a lé èjìká, ọwọ́ ìkálé yìí sì yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn bí ọwọ́ ìkọ̀wé ti yàtọ̀. Bàbá mi a máa ká tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí òde yóò fi tú. Ọ̀gá kan tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ a máa tún tirẹ̀ ká ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, pàápàá bí obìnrin bá ń kọjá. Èmi a máa ká ti ọ̀tún ga ju ti òsì lọ díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ̀wé sí pátákó fún ọdún 35, èjìká náà kò sì tíì gbàgbé. Ti fìlà, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tó ń dé abetí ajá ń ṣeré. Ẹni tó dé gọ̀bì tí ó gẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣetán fún ijó. Ẹni tó dé fìlà Awo, láyé olóṣèlú Awólọ́wọ̀ tó ni orúkọ náà, ti sọ ẹgbẹ́ tí ó ń dìbò fún kí ó tó lanu.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ọgbọ́n oge gidi, ẹ wo ìyá àwọn ọmọ mi nígbà tí ó bá ń wé gèlè. Kì í wo dígí. Ó nà án, ó gbé e ka iwájú orí, ó fi àtàǹpàkò kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lókè etí, ó wá ń ṣẹ́ ẹ po pẹ̀lú ìka kejì, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, bí ẹni tí ń ka owó, ó ta á ní kókó lẹ́yìn, ó sì ti ń bá mi jà pé mo pẹ́. Ìwé gèlè rẹ̀ méjì kò jọra rí. Nígbà tí àwọn ilé alájà ga kún ìlú, tí a parí Ilé Kòkó alájà 26 ní Ìbàdàn ní 1965, orí àwọn obìnrin náà ga, wọ́n sì pe ìwé gèlè náà ní onílé gogoro. Ìyá àwọn ọmọ mi kò wé e. Ó ní orí òun kì í ṣe òpó.

Àwọn kan ti fi aṣọ sọ ohun tó wúwo ju èyí lọ. Mojola Agbebi, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi tí a mọ̀ sí David Brown Vincent tẹ́lẹ̀, pa orúkọ yẹn tì ní 1894, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ní àkókò tí kóòtù àti táì jẹ́ ẹ̀rí ìgbàlà lójú àwọn ọ̀làjú Èkó. Funmilayo Ransome-Kuti, tí ó ti kàwé dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún 1940 tí òun àti àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ń bá ìjọba jà lórí owó orí, bọ́ gáùnù, ó ró ìró, ó wọ bùbá bíi tiwọn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé aṣọ ni ó lé owó orí náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí i ní ìró láàrin ọjà mọ ẹ̀gbẹ́ tí ó wà kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀, n kò sì ní purọ́. Láti àwọn ọdún 1960 tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Lustenau ní ilẹ̀ Austria ti ń ṣe léèsì fún ojú àwa ará Nàìjíríà, ó ti di ohun tí igba ènìyàn ń rà ní ọjọ́ kan, ní àwọ̀ kan, nítorí òkú ẹni tí wọn kò mọ̀. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ènìyàn ni aṣọ ẹni, òótọ́ sì ni wọ́n wí. Síbẹ̀, ní àárín igba léèsì kan náà, mo máa ń wá ẹni tó ní kí aránṣọ ṣí ọrùn òun sílẹ̀ díẹ̀, tàbí tó fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ìyá rẹ̀ sí i níbi tí àwọn yòókù ti fi góòlù sí, bí mo bá sì rí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó.

N kò sí lára àwọn àgbà tó ń sunkún pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ba oge jẹ́. Shade Thomas-Fahm, tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó sì yà bá iṣẹ́ aránṣọ, padà sí Èkó ní 1960, ó fi síìpù sí ìró kí obìnrin oníṣẹ́ lè wọ̀ ọ́ láìsí pé ó ń tú, ó sì ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀ tí a kàn ń dé bíi fìlà. Àwọn àgbà ìgbà náà lè ti bínú. Lónìí, ta ni kò dé e rí? Bẹ́ẹ̀ ni Kenneth Ize, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú aṣọ òkè dé Paris ní oṣù Èrèlé 2020, tí Naomi Campbell, gbajúmọ̀ obìnrin tí í fi aṣọ hàn, fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́ rìn níwájú àwọn òǹwòran. Mo rí àwòrán rẹ̀. Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo wò ó dáadáa, kì í ṣe obìnrin náà ni mo ń wò, ẹ gbà mí gbọ́. Ibi tí ọ̀já ti pàdé ọ̀já ni mo ń wò. Ìlà rẹ̀ dọ́gba.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àpótí kẹta mi, àkísà ló kún inú rẹ̀, a sì ń fi káfúrà sí i bí a ti ń fi sí àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni mo ti rí etí sányán bàbá mi, tí eku ti jẹ ìdajì rẹ̀, ó sì wá sí mi lọ́kàn láti fi í ṣe àpẹẹrẹ fún aṣọ kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òde kankan tí mo ń lọ mọ́ tó tó aṣọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ahunṣọ ti kú. Ọmọ rẹ̀ ni ó wà nídìí òfì. Ó gba àkísà náà lọ́wọ́ mi, ó fa fọ́nrán kan yọ, ó tú ìlọ́po rẹ̀ láàrin ìka méjì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbé e sí ojú oòrùn.

"Bàbá," ni ó wí, "èyí kì í ṣe òwú ilé iṣẹ́ o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ran án."

Mo ní mo mọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń ran án ní àdúgbò òun mọ́, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà ní Òkè-Ihò tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣì ní díẹ̀ nínú ìkòkò. Ó di fọ́nrán náà mọ́ igun aṣọ rẹ̀, kí ó má baà sọnù, ó sì ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún Iléyá.